Òṣùpá Kan Náà Ni Gbogbo Wa Ń Wò: Ìdí Tí Wọ́n Fi Lè Rí Oṣù Nílé Kí Àwa Má Rí I

Lọ́dọọdún, tí ààwẹ̀ Rámádáànì bá ti ku ọ̀la ọ̀tunla, ìpè orí fóònù láàárín ilé àti àjò máa ń pọ̀ sí i. Ẹni tó wà ní Ìwó á pe àbúrò rẹ̀ ní Kano: "Ṣé ẹ ti rí oṣù lọ́dọ̀ yín?" Ti Kano á ní àwọn ò rí nǹkan kan, eruku ló bo ojú sánmà. Ti Ìwó á ní àwọn ti rí i kedere, àwọn tiẹ̀ ti ń múra sààrì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ á ti di àríyànjiyàn. Àwọn kan á ní àwọn ará ilé ń kánjú. Àwọn kan á ní àwọn ará Òkè Ọya ló ń fi nǹkan falẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀sìn nìkan fún àwa tí a ń gbé lẹ́yìn odi. Oṣù ló ń sọ ìgbà tí a máa wọ mọ́tò. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Jos, tó fẹ́ lọ ṣe Iléyá ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí yóò ti ìlẹ̀kùn, ọjọ́ tí yóò san owó ọkọ̀, àti iye ọjọ́ tí yóò tọrọ fún àwọn ọmọ nílé ìwé. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì wa náà kò yọ sílẹ̀, torí òṣùpá ló ń gbé ọdún Àjíǹde kiri. Ìdí nìyẹn tí a fi rò pé ó yẹ ká jọ jókòó ti ọ̀rọ̀ òṣùpá, ká mọ bó ṣe ń rìn, ìdí tó fi ń tóbi tó sì ń kéré, àti ìdí tí ẹni méjì fi lè wo ojú sánmà ní ìrọ̀lẹ́ kan náà, kí ọ̀kan rí oṣù, kí ìkejì má rí i, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì parọ́.

Òṣùpá kò ní iná tirẹ̀

Òkúta ńlá ni òṣùpá. Fífẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì jẹ́ kìlómítà 3,474, ìyẹn fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin ti ayé wa lọ. Kò ní ìmọ́lẹ̀ kankan fúnra rẹ̀. Oòrùn ló ń tàn sí i lára, ìmọ́lẹ̀ oòrùn yẹn náà ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ìdajì ayé ṣe máa ń wà ní ọ̀sán nígbà tí ìdajì kejì wà ní òru, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdajì òṣùpá ṣe máa ń mọ́lẹ̀ tí ìdajì kejì á ṣókùnkùn. Ohun tó ń yí padà láti alẹ́ dé alẹ́ ni iye tí àwa rí nínú ìdajì tó mọ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn tó kàwé dáadáa, ló rò pé òjìji ayé ló ń bo òṣùpá tó fi ń dín kù. Rárá o. Òjìji ayé kì í kan òṣùpá àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a máa dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ lè dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ ní alẹ́ tí iná kò bá sí, irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́n wa. Ẹ gbé àtùpà oníbátìrì kan sí ìkángun yàrá. Ẹ fi igi tín-ín-rín gún ọsàn kan, ẹ nà án síwájú, kí ó ga ju orí yín lọ díẹ̀. Àtùpà ni oòrùn, ọsàn ni òṣùpá, orí yín ni ayé. Tí ẹ bá kọjú sí àtùpà, ẹ̀gbẹ́ ọsàn tó kọjú sí yín á ṣókùnkùn. Ìgbà tí òṣùpá kì í hàn rárá nìyẹn. Ẹ wá máa yí sí apá òsì díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọsàn náà lọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, tín-ín-rín bí èékánná tí a gé. Oṣù ti lé nìyẹn. Tí ẹ bá yí títí àtùpà fi wà ní ẹ̀gbẹ́ yín gan-an, ìdajì ọsàn ló máa mọ́. Tí ẹ bá kẹ́yìn sí àtùpà pátápátá, gbogbo ojú ọsàn á mọ́ rokoṣo: òṣùpá àrànmọ́jú rèé. Láti ibẹ̀ á tún máa dín kù títí ẹ ó fi padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọsàn yẹn kò tóbi sí i, kò sì kéré sí i. Ibi tó dúró sí ló yí padà.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un, torí àwọn ọmọ wa máa ń béèrè: nínú ìwé tí àwọn òyìnbó ṣe, oṣù tuntun máa ń dúró ṣánṣán bíi lẹ́tà C tí wọ́n kọ sẹ́yìn. Níbi tiwa tó sún mọ́ àárín gbùngbùn ayé, ó sábà máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Tí ọmọ bá yà á bẹ́ẹ̀ nílé ìwé, kí olùkọ́ má fa ìlà pupa sí i o.

Láti ìgbà tí òṣùpá bá bọ́ sí àárín ayé àti oòrùn títí tí yóò fi tún bọ́ síbẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 29, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 44, tí a bá pín in dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí oṣù ojú ọ̀run fi máa ń jẹ́ ọjọ́ 29 nígbà mìíràn, tí yóò sì jẹ́ 30 nígbà mìíràn. Kò lè jẹ́ 31 láéláé. Irú oṣù bẹ́ẹ̀ 12 jẹ́ bí ọjọ́ 354, nígbà tí ọdún tí a fi ń gba owó oṣù jẹ́ ọjọ́ 365. Ọjọ́ 11 tó ṣẹ́ kù yẹn ló ń ti ààwẹ̀ sẹ́yìn lọ́dọọdún. Ẹ wò ó ní Nàìjíríà níbí: ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2023, ọjọ́ 11 oṣù Kẹta lọ́dún 2024, ọjọ́ 1 oṣù Kẹta lọ́dún 2025. Ẹni tó gba ààwẹ̀ ọdún 2014 á rántí pé àárín òjò ló bọ́ sí, ní ìparí oṣù Kẹfà. Bí ọdún 33 ló máa ń gbà kó tó yí gbogbo ọdún po, ọyẹ́, ooru àti òjò.

Wákàtí tí oṣù bí, ìrọ̀lẹ́ tí ojú rí i

Ibí gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú tí òṣùpá bọ́ sí àárín ayé àti oòrùn jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ayé. Àwọn onímọ̀ ojú ọ̀run lè ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tó ń bọ̀, kò sì ní fi ìṣẹ́jú kan yẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú yẹn, kò sẹ́ni tó lè rí i. Ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn ló kọjú sí wa, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ti bo gbogbo àyíká rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn kí ojú tó lè mú un lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Oṣù tí kò bá tíì pé wákàtí 15, ojú lásán kì í sábà rí i, bó ti wù kí ojú náà mọ́ tó.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọdún 2025. Aago méjì òru ku ìṣẹ́jú 15, ọjọ́ 28 oṣù Kejì, ni òṣùpá bọ́ sí àárín ayé àti oòrùn, ní aago Nàìjíríà. Nígbà tí oòrùn ọjọ́ Jímọ̀ yẹn fi máa wọ̀, ní nǹkan bí aago méje ìrọ̀lẹ́, oṣù náà ti tó ọmọ wákàtí 17. Ní alẹ́ yẹn ni Sultan Sókótó kéde pé wọ́n ti rí i, ààwẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Oṣù ọmọ wákàtí 17 kéré gan-an sí ojú. Kí ló wá ràn án lọ́wọ́? Òṣùpá sún mọ́ wa lọ́sẹ̀ yẹn ni.

Ọ̀nà tí òṣùpá ń gbà yí ayé ká kò rí roboto bí ẹnu igbá. Ó gùn díẹ̀, ayé kò sì wà ní àárín rẹ̀ gẹ́gẹ́. Tí a bá pín in dọ́gba, kìlómítà 384,400 ni òṣùpá fi jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n nígbà tó bá sún mọ́ wa jù lọ, ó lè wálẹ̀ tó nǹkan bíi 357,000. Nígbà tó bá jìnnà jù lọ, ó lè ju 406,000 lọ. Bó bá sì ṣe sún mọ́ tó ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń yá tó. Ẹ di ọwọ́ yín bí ẹni fẹ́ kan ẹ̀ṣẹ́, ẹ nà án síwájú dáadáa: ìbú ẹ̀ṣẹ́ yẹn lójú sánmà jẹ́ bíi dígírì 10. Òṣùpá tó sún mọ́ wa ń rìn tó dígírì 15 láàárín àwọn ìràwọ̀ lójúmọ́. Èyí tó jìnnà kì í ju nǹkan bíi 12 lọ.

Ní ọdún 2025 yẹn, alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Kẹta gan-an ni òṣùpá sún mọ́ wa jù lóṣù náà, ní nǹkan bíi kìlómítà 362,000. Nítorí náà eré ló ń sá ní ọjọ́ 28. Láàárín wákàtí 17, ó ti fi oòrùn sílẹ̀ tó bí ẹ̀ṣẹ́ kan. Ká ní òṣùpá tó jìnnà ni, àlàfo yẹn ì bá dín ní bí ìdá kan nínú márùn-ún, ó sì ṣeé ṣe kí gbogbo Nàìjíríà wo ìwọ̀-oòrùn títí kí ojú ó ro wọ́n. Ọmọ wákàtí 17 kan kò rí bí ọmọ wákàtí 17 kejì.

Ohun kejì ni ibi tí èèyàn dúró sí. Wákàtí kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá, òṣùpá ń fi nǹkan bí ìbú ara rẹ̀ jìnnà sí oòrùn. Ní àsìkò tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba, oòrùn máa ń wọ̀ ní Maiduguri ní bí ìṣẹ́jú 40 ṣáájú Èkó. Nítorí náà, nígbà tí àwọn èèyàn wa ní Maiduguri bá ń na ọrùn, oṣù tí wọ́n ń wá ṣì kéré sí èyí tí ará Èkó máa wá, ó sì rẹlẹ̀ sí i. Ìwọ̀-oòrùn ló ni àǹfààní. Ilẹ̀ Yorùbá sì wà ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, Sókótó náà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ìlà kan náà. Ní Mẹ́kà, oòrùn máa ń wọ̀ ní ohun tó lé ní wákàtí méjì ṣáájú tiwa. Wọ́n lè má rí i níbẹ̀ kí àwa rí i ní alẹ́ kan náà, kò sí àrà ńbẹ̀.

Ojú ọjọ́ ló tún kù. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ á bo Kano, Katsina àti Maiduguri, ibi tí oṣù tuntun sì máa ń wà, nílẹ̀ lọ́hùn-ún nítòsí ẹsẹ̀ ọ̀run, ni eruku ti máa ń nípọn jù. Ní ìgbà òjò, ìkúukùu á bo gúúsù. Ẹni tó ń gbé láàárín òkè ní Jos lè máà rí ẹsẹ̀ ọ̀run rárá.

A ò sọ ẹni tó yẹ kí ẹ tẹ̀lé o. Ìyẹn wà lọ́wọ́ àwọn àáfà àti àwọn olórí ẹ̀sìn. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a má pe ara wa ní òpùrọ́. Àmọ́ tí ẹnì kan bá ní òun rí oṣù ní ìrọ̀lẹ́ tí òṣùpá kò tíì bọ́ sí àárín ayé àti oòrùn, ó dájú pé nǹkan mìíràn ló rí, ì báà jẹ́ etí ìkúukùu tí oòrùn tàn sí tàbí èéfín ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn kan tún máa ń fi àgùàlà pè é. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2025, àgùàlà ń tàn yòò nítòsí oṣù tuntun. Àgbà bọ̀, wọ́n ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni.

Fún ẹni tó fẹ́ gba ọkọ̀, ìyàtọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í ṣírò. Ìtúnu ààwẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù, nítorí náà alẹ́ kan péré la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé gbọ́dọ̀ ti dé kí ọjọ́ 29 ààwẹ̀ tó ṣú. Iléyá ní tirẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ kẹwàá oṣù. Lọ́dún 2025, ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ni oṣù náà bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà sì ni Iléyá. Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láàárín méjèèjì. Kò sí ìdí tí èèyàn á fi san owó ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ tó ń fi ojú díwọ̀n.

Òṣùpá Àjíǹde

Ọdún Àjíǹde ni ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú tó bá bọ́ sí ọjọ́ 21 oṣù Kẹta tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọ ní ìṣirò tirẹ̀ fún òṣùpá yẹn, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ojú ọ̀run. Lọ́dún 2025, òṣùpá náà kún ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ. Àjíǹde wá di ọjọ́ 20.

Òṣùpá ọjọ́ 13 yẹn tún ní ohun mìíràn lára. Ó jìnnà sí wa tó kìlómítà 406,000. Nígbà tó fi di ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, òṣùpá àrànmọ́jú mìíràn sún mọ́ wa dé nǹkan bíi 357,000. Ìyàtọ̀ náà lé ní 49,000, ó ju kí èèyàn yí gbogbo ayé ká lẹ́ẹ̀kan lọ. Èyí tó sún mọ́ máa ń fi bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ ju èyí tó jìnnà lọ, ó sì ń fi bí ìdá 30 mọ́lẹ̀ jù ú. Tí ìròyìn bá wá gba ìgboro pé òṣùpá ńlá ń bọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má retí ohun tó tó ọpọ́n ayò. Ẹni tí kò bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè má mọ ìyàtọ̀. Òṣùpá tó máa ń yọ gbàǹgbà lẹ́yìn ilé, ojú ló ń tàn wá. Ẹ na ìka kan síwájú kí ẹ fi bò ó nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní aago méjìlá òru. Ẹ ó rí i pé ìwọ̀n kan náà ni.

Òṣùpá tún ń sún mọ́ oòrùn, ó sì ń jìnnà sí i. Nígbà tó bá wà ní àárín wa àti oòrùn, ó fi bíi kìlómítà 770,000 sún mọ́ oòrùn ju ìgbà tó bá di àrànmọ́jú lọ. Ó pọ̀ létí, ṣùgbọ́n ojú mílíọ̀nù 150 ni a wà sí oòrùn, kò hàn lára òṣùpá rárá. Ayé wa fúnra rẹ̀ ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: mílíọ̀nù 147 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní, mílíọ̀nù 152 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Bẹ́ẹ̀ ni, oṣù Kìíní tí ẹ̀yin ará Jos ń wọ súwẹ́tà méjì lórí ara wọn la sún mọ́ oòrùn jù.

Òṣùpá kì í gba iwájú oòrùn kọjá lóṣooṣù kí ọ̀sán di òru, torí ọ̀nà rẹ̀ fi bíi dígírì 5 dagun. Ó sábà máa ń gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ kọjá. Ìgbà tó bá ṣe déédéé nìkan ni òjìji máa ń kan ẹnì kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, òjìji òṣùpá gba Ghana, Togo àti Benin wọ ìwọ̀-oòrùn àríwá Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, òjìji ayé ló bo òṣùpá, fún ìṣẹ́jú 82 gbáko. Lọ́tẹ̀ yìí, ìlà-oòrùn ló ni àǹfààní. Ní Maiduguri, òṣùpá yọ kí òjìji tó gbé e mì tán. Ní Èkó, òjìji ti gbé e mì pátápátá kó tó yọ.

Fún ẹ̀yin tó wà létí omi

Àwọn èèyàn wa ní Port Harcourt, Warri àti Calabar, àti àwọn Ìlàjẹ tó ń pẹja ní àwọn odò Bayelsa, kò nílò kí a sọ fún wọn pé omi ń kún ó sì ń fà. Òṣùpá ló ń fa omi òkun, oòrùn náà ń fà á, ṣùgbọ́n agbára tirẹ̀ kò tó ìdajì ti òṣùpá. Nígbà tí oṣù bá lé àti nígbà tó bá di àrànmọ́jú, àwọn méjèèjì á jọ fà á lójú ìlà kan. Omi á kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí òṣùpá bá jẹ́ ìdajì, wọn ò ní fẹnu kò, omi á rọ̀. Òṣùpá tó sún mọ́ wa sì ń fi bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá fa omi ju èyí tó jìnnà lọ. Tí òṣùpá tó sún mọ́ bá wá pàdé àrànmọ́jú tàbí oṣù tuntun ní àárín òjò, kí ẹni tó kọ́ ilé sí etí omi gbé ẹrù rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kó tó sùn.

Tí ẹ bá fẹ́ wo oṣù fúnra yín

Ẹ wá ibi tí igi tàbí ilé kò ti dí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ má wo oòrùn rárá, pàápàá pẹ̀lú awò tó ń mú ohun tó jìnnà sún mọ́ni, àfi tí oòrùn bá ti wọ̀ tán. Ẹ fi àmì sí ibi tó ti wọ̀, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 20, kí ojú sánmà ṣú díẹ̀, kí ẹ wá máa wo òkè ibẹ̀ níwọ̀n ẹ̀ṣẹ́ kan. Oṣù tó kéré kì í pẹ́ lójú sánmà, bí ìṣẹ́jú 40 lẹ́yìn oòrùn òun náà lè ti wọ̀. Ẹ kọ àkókò tí ẹ rí i sílẹ̀. Tí ẹ bá wá pe ilé, kí ẹ tó béèrè bóyá wọ́n rí i, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé aago mélòó ni oòrùn wọ̀ lọ́dọ̀ wọn.